Orí Keje: Sísọ Ẹrù Iná Ẹ̀kán Omi Kalẹ̀ Pẹ̀lú Áyọ̀nù

A parí orí kẹfà síbi tí omi ti ń tú jáde lẹ́nu ọ̀pá tín-ín-rín. A rí i pé bí a bá fi nǹkan bíi 2,000 fólítì sí omi náà, ojú rẹ̀ á nà bí òkòtó, ṣóńṣó òkòtó yẹn á sì máa tu ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Geoffrey Taylor ló ṣírò igun òkòtó náà ní 1964. Ìdajì igun rẹ̀ jẹ́ 49.3°. Ohun tí a kò tíì sọ ni pé ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan tó jáde ló ru ẹrù iná, ẹrù náà kò sì kéré. Orí yìí dá lórí bí a ṣe ń gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí a kò bá fẹ́ ẹ mọ́.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni a kì í fẹ́ ẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò mọ̀ọ́mọ̀ ń fún ọ̀dà ní ẹrù iná kó lè fò lọ lẹ̀ mọ́ ara irin, kó má ṣòfò sínú afẹ́fẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Ronald Coffee, tó ń ṣiṣẹ́ ní ICI nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ẹ̀rọ ìfín oògùn kan tí wọ́n pè ní Electrodyn fún àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tó ń gbin òwú níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ló ń lò, tó ń sọ agbára wọn di nǹkan bíi 24,000 fólítì. Oògùn olóròóró inú rẹ̀ á fò bá ewé lọ, yóò sì tún yí gba ẹ̀yìn ewé níbi tí kòkòrò ń fara pamọ́ sí. Ẹni tó bá sọ ẹrù iná oògùn bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ kó tó dé orí ewé ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé oògùn tí aláìsàn ń fà símú yẹ̀ wò. Ẹ̀kán oògùn tí yóò wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jinnà gbọ́dọ̀ wà láàárín 1 sí 5 μm. Fífi iná fín omi lè ṣe ẹ̀kán tó wà ní ìwọ̀n yẹn láìsí wàhálà, àmọ́ bí ẹrù iná rẹ̀ bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹnu àti ọ̀fun ni yóò lẹ̀ mọ́, oògùn kò ní dé ibi tí àìsàn wà. Bákan náà ni ẹni tó fẹ́ wọn bí púrótéènì tàbí fáírọ́ọ̀sì ṣe tóbi tó nínú afẹ́fẹ́: bí ẹrù ara wọn bá pọ̀ tó sì yàtọ̀ síra, ẹ̀rọ ìwọ̀n rẹ̀ á dà á rú. Irú àwọn ènìyàn yìí ni orí yìí wà fún.

7.1 Ẹrù mélòó ni ẹ̀kán kan lè rù?

Ojú omi ní ìfàmọ́ra tó ń kó o jọ, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀kán rí róbótó. Òdìkejì ni ẹrù iná ń ṣe: nítorí pé ẹ̀yà kan náà ni gbogbo rẹ̀, ó ń ti ara rẹ̀ dànù, ó sì ń fẹ́ fa ẹ̀kán ya. Ní 1882, Lord Rayleigh ṣírò ibi tí agbára méjèèjì ti dọ́gba:

q = 8π√(ε₀γr³)

q ni ẹrù iná tó pọ̀ jù lọ tí ẹ̀kán lè rù kó tó ya. r ni ìdajì ìbú ẹ̀kán náà, γ ni ìfàmọ́ra ojú omi, tó jẹ́ 0.072 N/m fún omi mímọ́, ε₀ sì jẹ́ 8.85 × 10⁻¹² F/m.

Àpẹẹrẹ 7.1. Ẹ̀kán omi kan fẹ̀ tó 10 μm. Ẹrù mélòó ló lè rù? Ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ 5 × 10⁻⁶ m. Bí a bá fi èyí sínú ìṣirò òkè yìí, q jẹ́ 2.2 × 10⁻¹³ coulomb. Ẹrù ẹ̀lẹ́kítíróònù kan ṣoṣo jẹ́ 1.6 × 10⁻¹⁹ coulomb, nítorí náà ẹ̀kán yìí lè ru nǹkan bíi 1,400,000 ẹ̀lẹ́kítíróònù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ kíyè sí r³ tó wà lábẹ́ àmì náà. Bí ẹ̀kán bá ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tó lè rù ń dín kù kíákíá: ẹ̀kán 1 μm lè ru nǹkan bíi 44,000, ti 0.1 μm kò lè kọjá 1,400. Ibi tí ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, nítorí omi ń gbẹ, ẹrù iná kì í gbẹ. Mólékù omi tó bá fò lọ kì í mú ẹrù dání.

Àpẹẹrẹ 7.2. Ẹ̀kán 10 μm jáde pẹ̀lú ìdajì ẹrù tí Rayleigh gbà fún un. Ìgbà wo ni yóò ya? Ká ní r₀ ni ìdajì ìbú rẹ̀ nígbà tó jáde. Yóò ya nígbà tí (r/r₀) tí a gbé sókè sí 1.5 bá di 0.5, èyí ni pé nígbà tí ìbú rẹ̀ bá di nǹkan bíi 6.3 μm. Ní àsìkò yẹn, ìdá kan nínú mẹ́rin omi rẹ̀ ló ṣẹ́ kù.

Bí ó bá ti dé ibẹ̀, kì í ya sí méjì ọgbọọgba. Ara rẹ̀ á nà ṣóńṣó, yóò tu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ẹ̀kán jáde láti ṣóńṣó yẹn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí á kó ìwọ̀nba omi díẹ̀ lọ, bíi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ ẹrù iná tí wọ́n ń kó lọ á pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìyá ẹ̀kán á tún máa gbẹ, yóò tún ya. Orí yíya yìí ni John Fenn gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé nígbà tó fi iná fín púrótéènì wọnú ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo mólékù, iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2002. Ohun tí Fenn ń wá ni ohun tí àwa ń sá fún. Ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ẹ̀kán rẹ̀ dọ́gba gbọ́dọ̀ gba ẹrù lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó ráyè ya.

7.2 Oṣù Kejìlá 1969

Kò dìgbà tí a bá so iná mọ́ omi kí ẹ̀kán tó ru ẹrù. Ní 1892, Philipp Lenard ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ tó wà nítòsí omi tó ń já láti orí àpáta ní ẹrù iná nínú, nítorí bí omi ṣe ń fọ́ ló ń pín ẹrù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí eré títí tí oṣù Kejìlá 1969 fi dé.

Nínú oṣù kan ṣoṣo yẹn, ọkọ̀ òkun agbépo mẹ́ta, Marpessa, Mactra àti Kong Haakon VII, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé ju 200,000 tọ́ọ̀nù lọ, bú gbàù lójú òkun Áfíríkà. Marpessa rì sí òkun Senegal. Kò sí èyí tó gbé epo nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfìfo ni wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi omi alágbára fọ àwọn táńkì ńlá inú wọn. Nígbà tí àwọn olùwádìí tú ọ̀rọ̀ náà wò, ohun tí wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe jù ni pé omi tó ń lu ògiri táńkì sọ ara rẹ̀ di ìkùukùu tó ru ẹrù iná. Kùrukùru yẹn fúnra rẹ̀ kò ta páná. Àmọ́ bí ìṣù omi ńlá kan bá ń já bọ́ láàárín rẹ̀, tó sì súnmọ́ irin, iná lè fò láàárín wọn, gáàsì epo tó kù nínú táńkì á sì gbiná.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí wọn kò fi áyọ̀nù (mólékù afẹ́fẹ́ tó ru ẹrù iná, tí a ó ṣàlàyé ní 7.3) sọ ẹrù kùrukùru yẹn kalẹ̀. Ní tèmi, wọ́n ṣe ohun tó mọ́gbọ́n dání: ọ́ksíjìn ni wọ́n lé kúrò níbẹ̀. Wọ́n ń darí èéfín ẹ̀rọ ọkọ̀, tí ọ́ksíjìn inú rẹ̀ kò pọ̀, sínú táńkì, títí ọ́ksíjìn ibẹ̀ fi lọ sílẹ̀ ju ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Níbi tí kò bá sí ọ́ksíjìn tó tó, páná kò rí ohun tí yóò ràn mọ́. Abẹ́rẹ́ oníná tí a gbé sínú táńkì kí ó lè pèsè áyọ̀nù lè di orísun páná fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí a ń kọ́ nínú orí yìí ní ààyè tirẹ̀, ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ààyè rẹ̀.

7.3 Áyọ̀nù, àti ẹ̀kán tí Millikan ń wò

Nígbà tí ìtànṣán alágbára bá kọlu mólékù afẹ́fẹ́, ó lè gba ẹ̀lẹ́kítíróònù kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mólékù tó pàdánù di áyọ̀nù ẹ̀yà àròpọ̀ (+). Ẹ̀lẹ́kítíróònù tó já kò ní pẹ́ lẹ̀ mọ́ mólékù mìíràn, yóò sọ ọ́ di áyọ̀nù ẹ̀yà àyọkúrò (−). Méjì méjì ni wọ́n ń wá sáyé. Láàárín ìgbà díẹ̀, àwọn mólékù omi inú afẹ́fẹ́ á ṣù mọ́ wọn. Bí ẹ̀yà méjèèjì bá pàdé, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. J. J. Thomson àti Ernest Rutherford ló kọ́kọ́ kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní 1896, nígbà tí èkísíréè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé: bí áyọ̀nù bá ṣe pọ̀ tó ní ibì kan, bẹ́ẹ̀ ni pípa ara wọn rẹ́ ṣe ń yára sí i, ní ìlọ́po ara rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè kó áyọ̀nù pamọ́ sínú àgbá. Bí wọ́n ṣe ń jáde ni a gbọ́dọ̀ máa lò wọ́n.

Ẹni tó kọ́kọ́ wo ẹ̀kán kan ṣoṣo bó ṣe ń gba áyọ̀nù, tó sì ka ẹrù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni Robert Millikan, pẹ̀lú Harvey Fletcher tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ní Yunifásítì Chicago láti 1909. Gbogbo ìwé fisíìsì ló ń sọ pé Millikan wọn ẹrù ẹ̀lẹ́kítíróònù. Àwọn tó ń sọ bó ṣe ṣe é kò pọ̀. Ó fín òróró sínú yàrá kékeré kan láàárín àwo irin méjì, ó fi agbára iná gbé ẹ̀kán kan dúró, ó sì ń fi awò wò ó bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi èkísíréè tàbí rédíọ́ọ̀mù sọ afẹ́fẹ́ inú yàrá náà di aláyọ̀nù. Ẹ̀kán tó ti ń rìn ní ìwọ̀n kan á ṣàdédé yí ìrìn padà: ó ti gba áyọ̀nù kan. Nígbà míì, méjì. Kò sígbà kankan tó gba ààbọ̀. Láti inú àwọn ìfò yìí ló ti rí 1.592 × 10⁻¹⁹ coulomb, tí kò jìnnà sí 1.602 × 10⁻¹⁹ tí a mọ̀ lónìí.

Ohun tí Millikan fojú rí lára ẹyọ ẹ̀kán kan ni a fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí àìmọye ẹ̀kán lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré.

7.4 Ẹ̀yà méjì, kì í ṣe ẹyọ kan

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé, bí ẹ̀kán bá ru ẹrù àròpọ̀, kí a da áyọ̀nù àyọkúrò sí i. Ó dà bí ẹni pé ó tọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Ká ní ìfín kan ń gbé ẹrù àròpọ̀ jáde ní ìwọ̀n 235 nanoampere, tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sì ru nǹkan bíi 2,600. A wá gbé abẹ́rẹ́ kan síwájú rẹ̀ tó ń tu áyọ̀nù àyọkúrò ní ìwọ̀n 250 nanoampere. Àṣejù ibẹ̀ kò ju nanoampere 15 lọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹ̀kán bá gba gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á jáde pẹ̀lú nǹkan bíi 165 ẹrù àyọkúrò. A kò sọ ẹrù kalẹ̀, òmíràn la gbé rù wọ́n. Bí abẹ́rẹ́ bá sì ń mú 220 wá dípò 250, iye kan náà á ṣẹ́ kù lára wọn ní ẹ̀yà àròpọ̀. Ìfín kì í dúró lójú kan: afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé, omi gbóná díẹ̀ sí i, ìwọ̀n ti yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ máa bá a dọ́gba ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá yóò rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí a fún ẹ̀kán ní ẹ̀yà méjèèjì, kí a fún un lọ́pọ̀ yanturu, kí a sì jẹ́ kó yan fúnra rẹ̀. Ẹ̀kán tó ru ẹrù àròpọ̀ yóò máa fa áyọ̀nù àyọkúrò mọ́ra, yóò máa lé àròpọ̀ dànù. Bí ẹrù rẹ̀ ṣe ń dín kù ni fífà yẹn ń dín kù. Nígbà tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ̀yà méjèèjì á máa bà lé e bákan náà, kò ní lè fò kọjá sí òdìkejì. Bí oúnjẹ tí a gbé kalẹ̀ lágbo ni: ẹni tí ebi ń pa á bù, ẹni tó yó á fọwọ́ sílẹ̀, ẹni tó gbé e wá kò nílò láti mọ bí ikùn oníkálukú ṣe tóbi tó. Áyọ̀nù tí kò bá rí ẹ̀kán lẹ̀ mọ́ yóò pa ẹnìkejì rẹ̀ rẹ́, ọ̀rọ̀ sì parí. Nínú gbogbo orí yìí, bí ẹ bá gbàgbé ìṣirò, ẹ má gbàgbé èyí.

7.5 Àkókò tó ń gbà

Báwo ni yóò ṣe yá tó? Ká ní n ni iye áyọ̀nù òdìkejì tó wà nínú m³ kan, e ni ẹrù ẹ̀lẹ́kítíróònù kan, μ sì ni bí áyọ̀nù ṣe ń yára rìn nígbà tí agbára iná bá fà á. Lójú ẹ̀kán tí ẹrù rẹ̀ jẹ́ q, agbára iná jẹ́ q/(4πε₀r²). Áyọ̀nù á máa wọlé ní ìyára μ ìlọ́po agbára yẹn, gba gbogbo ojú ẹ̀kán tí ìtóbi rẹ̀ jẹ́ 4πr². Nígbà tí a bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, 4πr² ti òkè á pa ti ìsàlẹ̀ rẹ́:

dq/dt = −(neμ/ε₀) q

Ẹ dúró wo ìlà yìí dáadáa. r ti pòórá. Ẹ̀kán ńlá ru ẹrù púpọ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń gba áyọ̀nù púpọ̀. Ẹ̀kán kékeré ru díẹ̀, ó ń gba díẹ̀. Àwọn méjèèjì á pàdánù ìdajì ẹrù wọn ní àkókò kan náà. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo fi lè ṣiṣẹ́ fún ìfín tí ẹ̀kán rẹ̀ kò dọ́gba. (Fún ẹ̀kán tó kéré ju 0.1 μm lọ, bí áyọ̀nù ṣe ń rìn jìnnà tó kó tó kọlu mólékù afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ipa, ìṣirò yìí á sì di ìfojúdíwọ̀n.)

Àkókò tí ẹrù fi ń dín kù dé nǹkan bí ìdá mẹ́tàdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni τ = ε₀/(neμ).

Àpẹẹrẹ 7.3. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, áyọ̀nù ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 1,000 nínú cm³ kan, μ sì jẹ́ nǹkan bíi 1.5 × 10⁻⁴ m²/Vs. τ jẹ́ 370 ìṣẹ́jú àáyá, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Láti mú ẹ̀kán àpẹẹrẹ 7.1 wálẹ̀ láti 1,400,000 sí bíi méje, a nílò τ bíi ìgbà méjìlá, tó jẹ́ nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí a bá fi ẹ̀rọ sọ áyọ̀nù di 10⁷ nínú cm³, τ á di 0.037 ìṣẹ́jú àáyá, gbogbo iṣẹ́ náà á sì parí kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé ààbọ̀.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í ya n àti àkókò sọ́tọ̀. Ìlọ́po wọn ni wọ́n ń wò, wọ́n sì fẹ́ kó tó nǹkan bíi 6 × 10⁶ nígbà tí a bá fi cm³ àti ìṣẹ́jú àáyá ṣírò.

Èrò kan wà tí mo fẹ́ tú ká níhìn-ín. A mọ̀ pé lásìkò ọyẹ́, aṣọ máa ń ta páná lára, ilẹ̀kùn mọ́tò máa ń gbọn ènìyàn lọ́wọ́, tí òjò bá sì dé, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn parí èrò sí pé afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin ló ń gbé iná lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sórí aṣọ àti irin ló ń jẹ́ kí ẹrù rìn lọ sílẹ̀. Ẹ̀kán tó léfòó láàárín afẹ́fẹ́ kò fara kan nǹkan kan, kò sí ibi tí omi yẹn yóò ti ràn án lọ́wọ́. Bí òjò ń rọ̀ o, bí ọyẹ́ ń fẹ́ o, áyọ̀nù nìkan ló lè gbà á sílẹ̀.

7.6 Ohun tó máa ń ṣẹ́ kù

Sísọ ẹrù kalẹ̀ kò túmọ̀ sí òdo. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, áyọ̀nù ṣì ń ta nù nínú afẹ́fẹ́, ó ń bà lé ẹ̀kán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán kan lè gba àròpọ̀ méjì báyìí, kó gba àyọkúrò kan láìpẹ́. Ìṣirò Boltzmann fi hàn pé ẹ̀kán 1 μm á ní nǹkan bíi ẹrù méjì sí mẹ́ta ní ìpíndọ́gba, ti 10 μm á ní bíi méje sí mẹ́jọ, àwọn kan àròpọ̀, àwọn kan àyọkúrò. Láti orí mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ lọ́nà ogún sí méje: a kò lè béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ díẹ̀ tún wà. Áyọ̀nù àyọkúrò ń yára ju àròpọ̀ lọ, nítorí náà ẹ̀kán tó ti rọlẹ̀ máa ń tẹ̀ sí ìhà àyọkúrò díẹ̀. Nikolai Fuchs, ará Rọ́ṣíà, ló ṣe ìṣirò tó gbé ìyàtọ̀ yìí wọlé, ní 1963. Títí di òní, òun ni àwọn tó ń wọn eruku àti èéfín inú afẹ́fẹ́ ń lò. Ẹ̀rọ wọn kò nílò kí ẹrù jẹ́ òdo, ó nílò kí a mọ iye tó wà lára ìdá mélòó nínú wọn. Áyọ̀nù fún wọn ní ìdánilójú yẹn, láìka ohun tí ẹ̀kán ru tẹ́lẹ̀ sí.

7.7 Níbo la ti ń rí áyọ̀nù?

Orísun tó ti pẹ́ jù ni àwọn èròjà onítànṣán. Polonium-210 ń ju ìtànṣán áfà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5.3 MeV. Nínú afẹ́fẹ́, kò lè rìn ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, àmọ́ láàárín ìrìn kúkúrú yẹn, ẹyọ kan ń ṣe nǹkan bíi 150,000 ìbejì áyọ̀nù. Pépà lásán lè dá a dúró, awọ ara pẹ̀lú lè dá a dúró. Ewu rẹ̀ wà nígbà tó bá wọ inú: polonium-210 ló pa Alexander Litvinenko ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kọkànlá 2006, lẹ́yìn tó wọ ara rẹ̀. Ìdajì polonium yìí ń tán láàárín ọjọ́ 138. Krypton-85 ń lò tó ọdún mẹ́wàá ó lé kí ìdajì rẹ̀ tó tán. Americium-241, tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń kígbe bí èéfín bá wọ yàrá, ń lo 432 ọdún.

Ní Nàìjíríà, kò sí yunifásítì tàbí ilé-iṣẹ́ tó lè ra irú èròjà bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NNRA, àjọ tí òfin 1995 gbé kalẹ̀ láti máa ṣọ́ ohun onítànṣán. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Èyí wà lára ìdí tí èkísíréè aláìlágbára fi ń gbajúmọ̀ sí i: ó ń ṣe áyọ̀nù méjèèjì ní ọgbọọgba, bí a bá sì pa á, ó kú. Abẹ́rẹ́ oníná tó ń yí ẹ̀yà padà lemọ́lemọ́ rọrùn láti rí, àmọ́ ó ń ṣe ósóònù, ó sì ṣòro láti mú ẹ̀yà méjèèjì dọ́gba nínú rẹ̀. Fún iṣẹ́ ìwọ̀n, èmi á mú èkísíréè ṣáájú.

Àpẹẹrẹ 7.4. Ìfín kan ń lo 60 nanolítà omi ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀kán rẹ̀ fẹ̀ tó 150 nm, wọ́n sì súnmọ́ ìwọ̀n Rayleigh. Ṣé polonium-210 tó jẹ́ 185 MBq (ìtànṣán 185 × 10⁶ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lè sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀? Omi náà ń jáde ní 10⁻¹² m³ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀kán kan jẹ́ 1.77 × 10⁻²¹ m³, nítorí náà ẹ̀kán tó ń jáde tó 5.7 × 10⁸ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ru nǹkan bíi 2,600. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 1.5 × 10¹² ẹrù ní ìṣẹ́jú àáyá, tó jẹ́ 235 nanoampere tí a lò ní 7.4. Ìdajì ìtànṣán polonium ló ń kọjú síta, nítorí náà a ní 185 × 10⁶ × 0.5 × 150,000, tó jẹ́ 1.4 × 10¹³ ìbejì áyọ̀nù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí a nílò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan, ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló kù, a ó sì rí 2.2 × 10¹². Ó ṣì ju ohun tí a ń fẹ́ lọ lórí ìwé, àmọ́ nígbà tí a bá yọ àwọn áyọ̀nù tó ń pa ara wọn rẹ́, kò ní tó mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún.

7.8 Ibi tí a ó gbé e sí

Bí áyọ̀nù bá pọ̀ tó, tí àkókò bá sì tó, a tún lè kùnà nítorí ibi tí a gbé e sí. Bí a bá gbé orísun súnmọ́ òkòtó jù, áyọ̀nù á ya wọ ibẹ̀, á ba agbára iná tó na omi jẹ́, ìfín á sì máa já. Bí a bá gbé e jìnnà jù, àwọn ẹ̀kán á ti máa lé ara wọn dànù, wọ́n á ti lẹ̀ mọ́ ògiri, àwọn tó kù á ti gbẹ dé ibi tí wọ́n ń ya.

Da-Ren Chen, David Pui àti Stanley Kaufman ṣe ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ nípa rẹ̀ ní 1995. Wọ́n fi àwo irin oníhò la àárín ìfín àti ibi tí polonium wà. Orí àwo yẹn ni agbára iná tó ń na òkòtó parí sí. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ẹ̀kán gba inú ihò kọjá, bí wọ́n bá sì ti kọjá, áyọ̀nù ti ń dúró dè wọ́n. Wọ́n tún da gáàsì CO₂ mọ́ afẹ́fẹ́ tó yí ọ̀pá ká, nítorí iná kì í tètè já nínú CO₂, ṣóńṣó ọ̀pá kò sì ní máa tu áyọ̀nù tirẹ̀ tí a kò pè. Ẹ̀rọ náà lè ṣe ẹ̀kán tó bá gbẹ tán tó fi kù 4 nm sí 1.8 μm, tí gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ohun tó tẹ̀ lé e dùn mọ́ mi ju ẹ̀rọ náà lọ. Bí ẹ̀kán bá kéré tó tí púrótéènì kan ṣoṣo fi wà nínú rẹ̀, tí omi gbẹ, tí áyọ̀nù ti gba ẹrù rẹ̀ tó fi ku ẹyọ kan, ìyára púrótéènì yẹn nínú afẹ́fẹ́ á sọ bó ṣe tóbi tó. Kaufman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1996. Ní 1999, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Lloyd Smith ní Yunifásítì Wisconsin lo áyọ̀nù láti dín ẹrù àwọn mólékù ńlá kù díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó wọn ìwúwo wọn. Wọn kò gba gbogbo ẹrù náà, iye tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n ṣẹ́ kù, nítorí ẹ̀rọ ìwọ̀n ìwúwo kò lè rí ohun tí kò ru ẹrù kankan.

Ìbéèrè

1. Ṣírò iye ẹrù tó pọ̀ jù tí ẹ̀kán omi 2 μm lè rù. (Ìdáhùn: nǹkan bíi 125,000.)

2. Ìfàmọ́ra ojú ẹ́táńọ́ọ̀lù jẹ́ nǹkan bíi 0.022 N/m. Bí ẹ̀kán ẹ́táńọ́ọ̀lù àti ti omi bá dọ́gba, èwo ni yóò kọ́kọ́ ya bí a bá fún wọn ní ẹrù kan náà? Ìdá mélòó ti omi ni ẹrù tó lè rù?

3. Wọ́n gbàgbé polonium àpẹẹrẹ 7.4 sínú yàrá ìwádìí fún ọdún méjì. Ìbejì áyọ̀nù mélòó ló ń ṣe báyìí ní ìṣẹ́jú àáyá? Ṣé ó ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ìfín yẹn? Bí kò bá lè ṣe é, ìdá mélòó omi náà ni a gbọ́dọ̀ dín kù, bí ẹ̀kán kò bá yí ìwọ̀n padà?

4. Ọ̀pá kan gba 5 cm³ afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá ní lítà 1.5 ní ìṣẹ́jú kan. Áyọ̀nù mélòó nínú cm³ ni a nílò kí ìlọ́po n àti àkókò tó 6 × 10⁶?

5. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi abẹ́rẹ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo sọ ẹrù ìfín kalẹ̀, ó sì wọn ẹrù tó kù: òdo gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn tó mu tíì tán, ó tún wọ̀n ọ́n, ó sì rí 40 ẹrù àròpọ̀ lára ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Sọ ohun méjì tó ṣeé ṣe kó yí padà, àti bí o ṣe lè mọ èyí tó jẹ́.